Ẹ́ńjìnnì Inú Balùwẹ̀

Ọjọ́ kẹta tí Raphael bẹ̀rẹ̀ sí í fi búrọ́ọ̀ṣì oníná fọ ẹnu ni ìyá rẹ̀ dìde nílẹ̀.

Oṣù mẹ́fà ló ti wà níbẹ̀. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Kì í ṣe ibà. Ó kàn dùbúlẹ̀ lórí mátírẹ́ẹ̀sì pẹlẹbẹ kan ni, ó kọjú sí ògiri, ó fi etí kan lé pákó ilẹ̀. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, á jẹ ṣíbí méjì. Bí wọ́n bá bá a sọ̀rọ̀, á ní "hùn". Rebecca ni orúkọ rẹ̀, Ìyá Wonder ni gbogbo etí omi Bàrígà ń pè é. Ohùn rẹ̀ a máa ta ẹja kí ẹja tó gúnlẹ̀. Látìgbà tó ti dùbúlẹ̀, ohùn náà wọlé, kò jáde mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, Raphael jáde nínú balùwẹ̀ pẹ̀lú ìfófòó ọṣẹ létí ẹnu, ó bá mátírẹ́ẹ̀sì lófìfo. Ó sáré síta. Ìyá rẹ̀ ló rí lórí pákó tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, ó ró aṣọ mọ́ àyà, ó gbé ọpọ́n ẹja sí ìbàdí, ó ń wo ọ̀sà. Ọyẹ́ bo gbogbo ojú omi. Èèyàn ò lè rí afárá, ariwo mọ́tò orí rẹ̀ nìkan ló ń wá.

"Yèyé," ni ó pè é. Bẹ́ẹ̀ ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń pè é láti kékeré. Ó bi í pé kí ló ń wò.

Ìyá ní kò sí. Ó ní atẹ́gùn lòun wá gbà. Ó wọlé, ó ní kí ó fún òun ní ẹ̀kọ. Ó jẹ ẹ̀kọ méjì, ó lá ewé rẹ̀. Raphael jókòó tì í, kò mọ ibi tí yóò fi ojú sí.

Apẹja ni wọ́n. Láti etí òkun ilẹ̀ Òǹdó lọ́hùn-ún ni bàbá wọn ti wá sí Bàrígà, ó kọ́ ilé pákó lórí omi, ó bí ọmọkùnrin méjì síbẹ̀. Orí ibùsùn ni bàbá kú sí, ikú tó bójú mu. Ó fi ọkọ̀ kan, àwọ̀n, àti ẹ́ńjìnnì kan sílẹ̀. Wonder ni àgbà. Wonder mọ omi. Raphael ní tirẹ̀ mọ bí a ṣe ń tẹ̀ lé ẹni tó mọ omi. Ìwé mẹ́fà ló kà, ó sì fẹ́ràn oorun.

Lọ́jọ́ kan lóṣù Keje, eyín inú lọ́hùn-ún ti ń pa Raphael fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Òjò ń rọ̀ láti ìdájí. Wonder dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ike epo dání, ó wo àbúrò rẹ̀ tó wé aṣọ mọ́ra. "Sùn jàre," ló wí. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ ti dà bíi òkèlè púpùrú. Èmi nìkan á lọ."

Ó lọ. Raphael gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe tan, tó kọ́ lẹ́ẹ̀kan, tó dákẹ́ fìrí, tó tún ń lọ. Ẹ́ńjìnnì àgbà ni. Gbogbo ìgbà ló ń kọ́. Á sá díẹ̀, á kọ́, á tún sá. Bí Wonder bá sì ń bọ̀ wálé, tó dé ibi igun òpó tí ọkọ̀ ti ń yà sílé, á rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kó tó pa á.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n rí ọkọ̀, ó dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó afárá. Wọn ò rí Wonder. Àwọn ọ̀dọ́ etí omi wá a fún ọjọ́ mẹ́jọ. Omi ò sọ nǹkan kan.

Ohun kan wà tí Raphael kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Eyín náà ti sinmi kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dùn ún mọ́. Òjò ló ń rọ̀, ara rẹ̀ sì gbóná lábẹ́ aṣọ. Ó fi ọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó kérora díẹ̀, ó yíjú. Gbogbo irọ́ tó pa kò ju ìyẹn lọ. Kò tilẹ̀ la ẹnu.

Lọ́sẹ̀ kejì ó lọ yọ eyín náà dànù. Kò wọ ọkọ̀ mọ́. Kò sọ ẹsẹ̀ sínú omi mọ́. Ó wá iṣẹ́ lọ sí Bajulaiye, níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, wọ́n sì fi í sídìí ẹ̀rọ tó ń gé etí ìwé. Láràárọ̀, kó tó lọ, á wọ balùwẹ̀, á mú búrọ́ọ̀ṣì tó le jù, á dojú kọ ihò tí eyín náà fi sílẹ̀, á máa gbo ó títí tí itọ́ yóò fi pọ́n. Kò mọ̀ pé nǹkan kan lòun ń ṣe. Ó rò pé ẹnu lòun ń fọ̀.

Kamaldeen tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló rí i. Ọmọ onílẹ̀ ni Kamaldeen, inú Ṣómólú ni wọ́n bí bàbá bàbá rẹ̀ sí, ẹnu rẹ̀ kì í gbófo. Wọ́n jókòó, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì, ó na ìka sí ti Raphael. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ wà lára búrẹ́dì ẹ. Ṣé o ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara ẹ ni?" Òun ló fi tipátipá mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn olùtọ́jú eyín kan ní Fọlá Àgòrò.

Obìnrin tó dá a lóhùn níbẹ̀ ń jẹ́ Modinat. Ó gbé eyín oníke kan lé orí tábìlì, ó fún un ní búrọ́ọ̀ṣì, ó ní kó fọ̀ ọ́ bó ṣe ń fọ tirẹ̀ nílé. Raphael fọ̀ ọ́. Tábìlì ń mì. Obìnrin náà wò ó títí, ó gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bọ̀dá," ló wí, "ìkòkò tó jóná kọ́ lẹ̀ ń fọ̀ yẹn."

Ó ṣàlàyé fún un pé ẹran ìdí eyín rẹ̀ ti ń sá lọ sẹ́yìn, pé bó bá sá tán, kì í padà. Ó ní ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́, irú èyí tó rọ̀. Kó má dì í mú ṣinṣin, orí ìka ni kó fi mú un bí ẹni mú bírò, kó máa yí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Èkejì ni búrọ́ọ̀ṣì oníná. Ìyẹn ń ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀, kó sáà máa gbé e láti orí eyín kan sí òmíràn. Bó bá tẹ̀ ẹ́ jù, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀ láti kìlọ̀ fún un. Raphael bi í pé èwo ló dáa jù. Ó ní kò sí èyí tó ju ìkejì lọ, ọwọ́ ló ń dá a. Bí ọwọ́ bá lè rọ̀, ti ọwọ́ ti tó. Fún ọwọ́ tó ń bínú, kó ra oníná.

Raphael wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kò fọkàn tán an. Ní Onípanu, níbi tí wọ́n ti ń ta rédíò àti ṣájà, ó ra oníná. Ẹni tó tà á fún un tan án sí i ní àtẹ́lẹwọ́, ó ní kó gbọ́ bó ṣe ń dún. Ó ní bó bá di ààbọ̀ ìṣẹ́jú, á dákẹ́ fìrí, á tún máa lọ, kí èèyàn lè mọ̀ pé ó yá kó bọ́ sí apá kejì ẹnu. Iná etí omi, àlejò ni, kì í pẹ́ kó tó lọ, nítorí náà ibi iṣẹ́ ni Raphael ti ń ṣájì rẹ̀. Kamaldeen wá rí nǹkan sọ. Ó ní àwọn ẹlòmíràn ń ṣájì fóònù, Raphael ń ṣájì eyín. Ó ní kó má gbàgbé láti fi káàdì sí i.

Bí búrọ́ọ̀ṣì náà ṣe délé nìyẹn. Bí ìyá sì ṣe dìde ní ọjọ́ kẹta nìyẹn.

Ó tún dìde ní ọjọ́ kẹrin. Ó dìde ní ọjọ́ karùn-ún. Láàárọ̀ láàárọ̀, á gbé ọpọ́n, á jáde sórí pákó, á dúró, á wọlé, á jẹun. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ti ń dá iná ẹja. Àwọn aládùúgbò ń gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n ń dúpẹ́. Raphael náà dúpẹ́. Kò bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kankan. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jò tí òjò dá, kì í bi òjò pé kí ló dé.

Lọ́jọ́ Ajé ni Ikúmápàyí wá. Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn ni, àgbà ìjọ, òun ló kù tí wọ́n ń wò lójú. Ọ̀rọ̀ ìdágbére Wonder ló bá wá. Ní ìdílé tiwọn, bí omi bá gbé ẹnì kan tí wọn ò rí òkú rẹ̀, wọ́n á ní sùúrù oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn náà wọ́n á kó ara jọ sí etí omi láàárọ̀. Àbúrò rẹ̀ á pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí kò bá jẹ́, ìyá á jọ̀wọ́ ẹ̀wù rẹ̀ kan sójú omi, wọ́n á gbàdúrà, ó parí. Láìsí ìyẹn, wọ́n ní ẹni náà kò sí nílé, kò sì sí lọ́run, ojú ọ̀nà ló wà. Kí ìyá tó dìde ni Ikúmápàyí ti bá a sọ ọ́, ó sì ti fi orí dáhùn lórí mátírẹ́ẹ̀sì. Ọjọ́ Sátidé yẹn gan-an ni wọ́n dá.

Nígbà tí bàbá náà rí i lórí ìdúró, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní Ọlọ́run ti fún un lágbára de ọjọ́ Sátidé.

"Ẹ má bínú, ọkọ mi," ni ìyá wí. "Kò sí Sátidé."

Ikúmápàyí bi í pé báwo.

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ dágbére fún ẹni tí mò ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀?"

Ìyá ń sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń ṣírò ẹja. Ó ní àárọ̀ ni. Ó ní òkèèrè ló máa ń gba wá, á kọ́, á tún sá, á kọ́. Tó bá yá, á lọ sílẹ̀, bó ṣe máa ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní igun òpó. Òun á sáré jáde. Òun ò ní rí nǹkan kan, ọyẹ́ nìkan ni.

"Mo mọ ẹ́ńjìnnì ọmọ mi," ló wí. "Ó ń dé. Ibi tó máa gúnlẹ̀ sí ni kò rí."

Kò sí ẹni tó lè sọ fún obìnrin etí omi pé kò mọ ohun tó gbọ́. Òpó gbé ilé wọn ró, inú omi sì ni òpó dúró sí. Ohùn ẹ́ńjìnnì a máa bá omi rìn, á gun òpó, á wọ pákó. Ẹni tó bá fi etí lélẹ̀ nínú ilé á gbọ́ ọkọ̀ tó ń bọ̀ kí ẹni tó dúró síta tó gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyàwó apẹja ṣe ń mọ ìgbà tí wọn yóò gbé omi kaná. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Wonder ṣe dùbúlẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Gbogbo ènìyàn rò pé ó ń sùn.

Ikúmápàyí wo Raphael. Raphael wo ilẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fẹ́ fetí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Ó jí kí ìyá tó jí, ó dojú bolẹ̀, ó fi etí lé pákó. Ó gbọ́ omi. Ó gbọ́ akàn tó ń họ òpó. Ó gbọ́ ọkọ̀ mẹ́ta, kò sí ti Wonder níbẹ̀. Oòrùn yọ. Ìyá kò mira.

Ó dìde, ó wọ balùwẹ̀. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti ògiri bó ṣe máa ń ṣe, ó ki búrọ́ọ̀ṣì bẹnu, ó tan án. Àlàfo kan wà láàárín pákó ògiri náà, ojú rẹ̀ sì bọ́ síbẹ̀. Ó rí ìyá rẹ̀ lórí mátírẹ́ẹ̀sì.

Ó di ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Búrọ́ọ̀ṣì dákẹ́ fìrí, ó tún ń lọ. Ìyá gbé orí.

Ó tún dákẹ́ fìrí. Ìyá ti ń ró aṣọ.

Ọwọ́ Raphael le, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ eyín láìmọ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ìyá gbé ọpọ́n.

Ó yọ ọ́ lẹ́nu, ó pa á. Ìyá dúró láàárín yàrá, ẹsẹ̀ kan níwájú, ó dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ lẹ́ẹ̀kan tí wọn ò tún pè mọ́.

Gbogbo irun ara Raphael dìde. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ló ń gbé ohùn búrọ́ọ̀ṣì wọ ògiri, ògiri ń gbé e wọ pákó ilẹ̀, pákó ń gbé e sí ìyá létí. Òun ni òkú tó ń wálé láràárọ̀.

Lọ́jọ́ náà, bó ṣe ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó ra búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ tó rọ̀. Ó fi í sínú ife pẹ̀lú oníná. Ó jókòó síwájú àwọn méjèèjì bí ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́. Bó bá mú oníná, ìyá á dìde, á jẹun, á ṣiṣẹ́, kò sì ní dágbére fún Wonder láé. Wonder á wà lójú ọ̀nà, Raphael ni yóò sì máa dá a dúró síbẹ̀. Bó bá mú ti ọwọ́, ìyá á padà sí ilẹ̀. Ó mọ bí ilẹ̀ yẹn ṣe rí.

Ọjọ́rú, ó mú ti ọwọ́. Ìyá kò dìde. Ẹ̀kọ tutù níwájú rẹ̀. Nígbà tí oòrùn ń yí, ó béèrè lọ́wọ́ Raphael bóyá omi ò dáa lónìí ni.

Ọjọ́bọ̀, ó tún mú ti ọwọ́. Ìyá kò jẹ, kò mu. Ojú rẹ̀ ti tún wọnú. Raphael dúró nínú balùwẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, kò mì í. Ó gbọ́ ẹ́ńjìnnì.

Òkèèrè ló wà. Ó kọ́. Ó sá. Ó kọ́.

Ó wo inú ife. Oníná wà níbẹ̀, kò tàn. Ó fi ọwọ́ kàn án. Ó tutù, kò mì. Ohùn náà ń bọ̀, ó dé igun òpó, ó lọ sílẹ̀, ó pa. Raphael fi ojú sí àlàfo pákó. Ìyá rẹ̀ wà lórí mátírẹ́ẹ̀sì, etí rẹ̀ wà nílẹ̀, kò tilẹ̀ gbé orí. Òun Raphael nìkan ló gbọ́ ọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó mú oníná. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá dìde, ó gbé ọpọ́n, ó jáde. Ó wọlé, ó jẹ ẹ̀kọ mẹ́ta, ó tilẹ̀ kọrin díẹ̀ nídìí iná. Raphael lọ síbi iṣẹ́ bí ẹni tó jí nǹkan.

Ó gé ìwé wọ́. Odindi ìdì kan. Kamaldeen fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó pa ẹ̀rọ, ó ní kó jókòó. Raphael sọ ọ́ fún un, látorí eyín oníke títí dé ọpọ́n ẹja. Ọ̀rọ̀ eyín tó sinmi nìkan ni kò sọ. Kamaldeen gbọ́ ọ tán. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò rí ẹ̀fẹ̀ kankan níbẹ̀.

"Bátìrì nǹkan yẹn á kú lọ́jọ́ kan," ló wí. "Ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n ẹ máa kú lẹ́ẹ̀kejì. Kò sì ní í jẹ́ omi ló pa á."

Raphael gba àyè, ó tètè lọ sílé. Oòrùn ṣì ga. Ìyá jókòó lórí pákó ìgúnlẹ̀, ó ń ha ìpẹ́ ẹja. Raphael jókòó tì í. Ó yọ búrọ́ọ̀ṣì náà nínú àpò, ó tan án.

Ojú omi ni ìyá kọ́kọ́ wò. Ó ti ń dìde lọ. Raphael gbé ìdí búrọ́ọ̀ṣì lé pákó tí wọ́n jókòó lé, pákó gba ohùn náà, ó ń dún lábẹ́ wọn. Ìyá padà jókòó. Ó wo omi, ó wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Nǹkan náà dákẹ́ fìrí, ó tún ń lọ.

Ó na ọwọ́, ó gbà á. Ó dì í mú. Búrọ́ọ̀ṣì náà kọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó kọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ìyá ń wò ó. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á. Ó fi etí aṣọ bò ó, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ikùn, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ tó ń ké.

"Láti ìgbà wo?" ló béèrè.

"Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti dìde, Yèyé."

Raphael mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́ níbẹ̀, òun ò ní lè sọ èyí tó kù mọ́.

"Eyín yẹn ò dùn mí mọ́ lọ́jọ́ yẹn," ló wí. "Òjò ni mo sá fún."

Ọkọ̀ ẹlẹ́ja kan kọjá lọ, ìgbì rẹ̀ wá lu òpó ilé. Ìyá dúró títí omi fi rọlẹ̀.

"Mo mọ̀," ló wí. "Ẹni tí eyín ń dùn kì í hanrun. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀gbọ́n ẹ ò tíì kọjá igun òpó tí mo ti ń gbọ́ ìhanrun ẹ."

Raphael kò lè gbé ojú.

"Mi ò jí ẹ," ni ìyá wí. "Òjò ń rọ̀, ọ̀sà ò dáa. Mo ní kí ọ̀kan ṣẹ́ kù sílé fún mi. Inú ara mi ni mo ti sọ ọ́, mi ò sọ ọ́ síta. Ọma mi, o rò pé ìwọ nìkan lo dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

Ó pẹ́ kí wọ́n tó dìde níbẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì náà ti pa ara rẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Ìyá gbé e fún un, ó ní kó la ẹnu. Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ó wo inú rẹ̀ bí ẹni wo ẹran ẹja bóyá ó ti rà, ó mí kanlẹ̀. Ó béèrè èwo ni olùtọ́jú eyín ní kó lò. Raphael ní ó ní èyí tó bá wu òun, bí ọwọ́ bá sáà ti rọ̀.

"Ti ọwọ́ ni kó o lò," ló wí. "Kọ́ ọ. Èyí, gbé e kúrò nílé mi."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ènìyàn bíi ogún ti wà lórí pákó ìgúnlẹ̀. Wọ́n wọ funfun. Raphael ti fọ ẹnu, pẹ̀lú èyí tó rọ̀, ilé sì dákẹ́ nígbà tó ń fọ̀ ọ́. Kò mọ̀ bóyá ìyá yóò dìde. Ó fọ ẹnu tán, ó jáde, ó bá a tó ti múra tán, ẹ̀wù Wonder aláwọ̀ ewé wà lápá rẹ̀, ó ti lọ̀ ọ́.

Ikúmápàyí gbàdúrà, ó fọwọ́ kan Raphael léjìká. Raphael bọ́ síwájú.

"Wonder o!"

Ọyẹ́ gbé ohùn rẹ̀ mì. Wọ́n dúró. Kò sí.

"Wonder o!"

Wọ́n dúró. Láti òkèèrè nínú ọyẹ́, ẹ́ńjìnnì kan ń bọ̀.

Ó kọ́. Ó tún sá. Ọ̀rọ̀ àdúrà dúró ní ètè Ikúmápàyí. Raphael mọ̀ pé ní tòótọ́, gbogbo wọn ló ń gbọ́ èyí. Ẹ́ńjìnnì náà ń bọ̀ tààrà. Ó kọ́. Raphael yíjú wo ìyá rẹ̀. Ìyá ti dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó gbọ́ ọ, ó gbọ́ ọ, ó gbọ́ ọ títí.

"Ọlápọ̀sí ni," ló wí.

Wọ́n ń wò ó.

"Ọlápọ̀sí ẹ̀yìnkùlé wa ni. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ti dọ̀tí. Mo ti ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́."

Orí ọkọ̀ yọ nínú ọyẹ́, Ọlápọ̀sí ló wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ó rí aṣọ funfun, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ṣí fìlà, ó jẹ́ kí ọkọ̀ máa gbé e lọ jẹ́ẹ́.

Raphael ṣì ń wo ìyá rẹ̀.

"Pè é," ni ìyá wí. "Ó ku ẹ̀ẹ̀kan."

Ó pè é. Wọ́n dúró pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó tẹ́ ẹ̀wù náà sójú omi, ó jọ̀wọ́ rẹ̀.

Kò lọ. Omi yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó fà á wá sábẹ́ ilé, apá rẹ̀ kan wé mọ́ òpó. Ó ń jà níbẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Àwọn kan ń wá ọ̀pá. Ìyá ń wò ó.

Raphael bọ́ bàtà. Ó sọ ẹsẹ̀ kan sínú omi, ó sọ ìkejì. Omi dé àyà rẹ̀, ó tutù tó fi gba èémí lẹ́nu rẹ̀. Ó rìn dé ìdí òpó, ó tú apá ẹ̀wù náà, ó sì tì í sọ́nà ibi tí omi ń lọ.